Ọmọbìnrin Kékeré Ilé Náámánì

Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn fún ọ̀sẹ̀ yìí
Ibi kíkà: 2 Ọba 5:1–19

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, àlàáfíà Kristi kó máa bá yín gbé.

Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ìkórè ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo ti gbé e tì, ẹ ó rí i kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí Olúwa bá dá ẹ̀mí sí. Lẹ́yìn alẹ́ Ọjọ́rú, ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ̀wé nípa iṣu àti àgbàdo. N kò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síhìn-ín, nítorí ìwé yìí máa ń kọjá ọgbà ìjọ, ọmọdé sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá yé ti yé.

Ẹ rántí fíìmù tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fi hàn wá ní gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti ṣe é, ó jáde ní 2002. Ìtàn àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ni: Molly, Daisy àti Gracie ìbátan wọn, tí ìjọba já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ní Jigalong ní 1931. Ìyá wọn jẹ́ ara àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, bàbá wọn sì jẹ́ òyìnbó. Torí àwọ̀ wọn tó pọ́n díẹ̀ ni wọ́n ṣe kó wọn lọ sí ibùdó Moore River, lápá àríwá ìlú Perth. Àwọn ọmọ náà sá. Wọ́n tọ ọgbà wáyà gígùn tí ìjọba fi ń dí ehoro lọ́nà, wọ́n rìn tó 1,600 kìlómítà, bí ẹni fẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Maiduguri. Molly, àgbà wọn, jẹ́ ọmọ ọdún 14. Daisy jẹ́ 8. Wọ́n ní ìyá Gracie wà ní Wiluna, ó yà lọ wá a, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un padà. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àwọn méjì yòókù délé.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo sì rí gbogbo yín. Nígbà tí wọ́n ti àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, tí àwọn ìyá ń sáré tẹ̀ lé e, ẹkún sọ ní gbọ̀ngàn. Màmá mẹ́ta dìde jáde, wọn kò lè wò ó mọ́. Nígbà tó parí, tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, àwọn kan ṣépè fún òyìnbó. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní àsọdùn ni, pé ọmọ kékeré kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi, wọ́n rìn ín. Doris, ọmọ tí Molly bí, ló kọ ọ́ sínú ìwé ní 1996, Molly fúnra rẹ̀ sì wà láàyè nígbà tí fíìmù náà jáde. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan nínú wa, tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an, ní kí a rọra dá wọn lẹ́jọ́, ó ní wọ́n fún àwọn ọmọ yẹn lóúnjẹ, wọ́n fún wọn láṣọ, wọ́n sì fẹ́ kọ́ wọn níṣẹ́, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n rò pé àwọn ń ṣe. Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ yẹn, ó tún dé etí mi ní Ọjọ́bọ̀. Ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ ṣí Bíbélì yín. Náámánì, olórí ogun Síríà, jẹ́ adẹ́tẹ̀. Ẹsẹ kejì sọ pé àwọn ará Síríà jáde lọ ní ẹgbẹẹgbẹ́, wọ́n sì mú ọmọbìnrin kékeré kan nígbèkùn láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ó sì ń dúró níwájú aya Náámánì. Ó parí. A máa ń sáré kọjá ibẹ̀ torí a fẹ́ dé odò Jọ́dánì, a fẹ́ ka ìwẹ̀ méje tó fi sàn, a fẹ́ bá Géhásì ìránṣẹ́ wòlíì wí. Ẹ dúró ná. Kí ni orúkọ rẹ̀? Bíbélì kò sọ. Ta ni bàbá rẹ̀? Ṣé wọ́n pa á lọ́jọ́ tí ogun wọlé ni, àbí ó wà ní Ísírẹ́lì tó ń wo ojú ọ̀nà? Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ẹnìkan ló bí i, ẹnìkan ló fún un lọ́mú. Ohun tó sì ń ṣe ní Síríà ni pé ó ń dúró. Níwájú obìnrin kan tó lè ní kó bu omi wá, kó fọ aṣọ, kó má tíì sùn.

Ọmọ yìí ló ṣàánú ọ̀gá tó kó o lẹ́rú. Ó ní ìbá ṣe pé olúwa òun wà níwájú wòlíì tó wà ní Samáríà, yóò wò ó sàn. A máa ń yìn ín lórí àga ìwàásù: ọmọ rere, ọmọ onígbàgbọ́. Ó yẹ ní yíyìn. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n fi san án fún un.

Náámánì di ẹrù: tálẹ́ńtì fàdákà mẹ́wàá, 6,000 ìwọ̀n wúrà, ìpààrọ̀ aṣọ mẹ́wàá. Èlíṣà wòlíì ló kó o fún. Wòlíì kọ̀. Ara rẹ̀ ti dá, owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá ní ẹ̀bẹ̀ kan, ẹsẹ 17: kí wọ́n jẹ́ kí òun ru erùpẹ̀ ilẹ̀ Ísírẹ́lì lọ sílé, ẹrù ìbaaka méjì. Ẹ gbọ́ o, erùpẹ̀! Ọkùnrin yìí rí àyè fún erùpẹ̀ Ísírẹ́lì nínú ẹrù rẹ̀, kò sì rántí ọmọ Ísírẹ́lì tó wà ní ilé ìdáná rẹ̀. Ó tún tọrọ ìdáríjì ṣáájú, torí pé yóò máa bá ọba tẹrí ba nílé Rímónì òrìṣà wọn. Nípa ọmọ yẹn, kò tọrọ nǹkan kan.

Ẹ lè sọ pé Bíbélì kò kúkú sọ pé kò dá a padà. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ. Ó wù mí kó jẹ́ pé ó dá a padà, mo sì ti wá a títí dé ìparí orí náà. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé Èlíṣà náà kò béèrè. Ènìyàn Ọlọ́run ni, ọ̀rọ̀ ìwòsàn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló gba ojú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, kò béèrè ẹni tó júwe ilé òun fún àlejò.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn tó "ń ṣèrànlọ́wọ́." A. O. Neville lorúkọ ọ̀gá wọn ní Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Olùdáàbòbò Àgbà fún àwọn onílẹ̀ ni ipò rẹ̀ láti 1915. Òfin 1905 ti sọ ẹni tó bá wà nípò yẹn di alágbàtọ́ gbogbo ọmọ onílẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 16. Ìyá wà láàyè o, ó dúró síbẹ̀. Òun kọ́ ló lọ́mọ lójú òfin. Ní Moore River, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ lóru, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ èdè ìyá wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin, iṣẹ́ ilé ni: ká gbálẹ̀, ká fọṣọ, ká pọn ọmọ ọlọ́mọ. Bí wọ́n bá ti tó, wọ́n á pín wọn fún ilé àwọn òyìnbó, owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn sì wà lọ́wọ́ ìjọba, kò dé ọwọ́ wọn. Káàkiri ilẹ̀ náà, púpọ̀ nínú irú ibùdó bẹ́ẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń darí wọn. Wọ́n ń kọ orin ìyìn, wọ́n ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹun.

Ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n ń tọ́ níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí mò ń lọ?

Ẹ̀yin tí ẹ fi gèlè nu ojú torí Daisy, ọmọ ta ló wà nílé yín? Èyí tí ẹ mú wá láti oko, tàbí láti ilẹ̀ Benin, tí ẹ ní ẹ ó rán lọ sílé ìwé. Ilé ìwé wo? Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Òun ló ń wẹ̀ fún ọmọ yín, òun ló ń kiri omi ọ̀rá lẹ́yìn ọ̀sán, òun ló ń sùn gbẹ̀yìn. Bó bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìjókòó ẹ̀yìn ni, pẹ̀lú ọmọ yín lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan tó mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá fọ́ abọ́, ẹ gbé wáyà. Bó bá sunkún, ẹ ní ẹ lé e síta. Tí a bá béèrè, ẹ ní "ìyà ló ń jẹ wọ́n nílé wọn, mò ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni." Neville náà sọ bẹ́ẹ̀!

Àwọn bàbá wa tó ní ẹrú nílé ló ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ó sì yẹ kó yé àwa ju gbogbo ayé lọ. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó o ní Ọ̀ṣoògùn ní 1821. Ó di 1846 kó tó tún rí Àfàlà ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ara ìyá náà gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Àjàyí yẹn, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, ló ṣáájú àwọn tó fún wa ní Bíbélì tí a fi ń kọ́ ara wa. Molly náà, ní 1940 wọ́n tún gbé e padà sí Moore River pẹ̀lú ọmọ méjì. Ó tún sá ní ọdún kejì, ó gbé Annabelle tó jẹ́ ọmọ oṣù 18, ó fi Doris sílẹ̀. Ọdún 21 kọjá kí Doris tó tún fojú kàn án. Wọ́n padà wá gba Annabelle náà. Molly kú ní 2004 láìtún rí i.

Àwọn kan sì ń sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí pé a kì í gbé ọ̀rọ̀ ilé lọ síta, pé ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn lóru Ọjọ́rú yẹn fẹ́ ba orúkọ ìjọ jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ bẹ́ẹ̀ létí mi. Ní 1997 ni ìwádìí ìjọba ti fi hàn ní Ọsirélíà pé wọ́n kó àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Wọ́n ń jiyàn, wọ́n ń ní kí orúkọ ìlú má bàjẹ́, títí di 13 Oṣù Kejì 2008 tí Kevin Rudd tó jẹ́ olórí ìjọba dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó tọrọ àforíjì. Ọdún 11. Àwọn ìyá ti ń kú lọ. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn yẹn, kí Olúwa ṣí ọ̀run fún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò kórìíra ẹnikẹ́ni nínú yín. Mo mọ àwọn ilé nínú ìjọ yìí tó jẹ́ pé bí àlejò bá wọlé, kò ní mọ ọmọ tí wọ́n bí yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbà tọ́. Ọlọ́run rí yín. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ yìí sì ń bá wí gan-an, má sá fún mi. Wá sílé ní alẹ́, ìwọ àti ọkọ rẹ, ìyàwó mi yóò se oúnjẹ, a ó jókòó, a ó sọ òótọ́, a ó sì jọ wá ọ̀nà àbáyọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè láti béèrè ọmọ náà, ara ti ń tù ú, ó ń jẹun.

Nǹkan kan ni mo ń bẹ gbogbo yín. Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ tó wà lọ́dọ̀ yín ní fóònù kó pe ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jáde nínú yàrá.

Ìkéde (àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ má bínú): Ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú yóò wáyé ní aago márùn-ún àbọ̀. Owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Ẹgbẹ́ akọrin, ìdánrawò ìkórè ti bẹ̀rẹ̀, kò sí àwáwí. Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ wà ní gbọ̀ngàn fún gbogbo ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni tí kò bí i. Ẹ kó wọn wá fúnra yín, ẹ wọ aṣọ tó dára fún wọn. Wọn kò ní fọ abọ́ kankan. Ẹgbẹ́ àwọn bàbá ni yóò fọ̀ ọ́, mo sì ti sọ fún ààrẹ wọn.