Kẹ̀kẹ́ Àbúrò Rẹ Wà ní Yàrá Màmá

Iléṣà,
Oṣù Kọkànlá, 2025.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ẹ̀fọ̀n,

Báwo ni òtútù Sheffield? Ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́? Mo fẹ́ dúró dìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára ká lè rí ojú ara wa, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé gbé pamọ́ mọ́. Àbúrò rẹ obìnrin fi kẹ̀kẹ́ gun òkè Ẹ̀fọ̀n. Ó gùn ún láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Kò sọ̀ níbi igi tí èmi àti ìwọ máa ń sọ̀, kò ti kẹ̀kẹ́, kò bèèrè omi. Nígbà tó dé orí òkè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán ni?"

Inú mi dùn débi pé mo pariwo lójú títì.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣe é, torí mo mọ̀ pé o máa bi mí. A kúrò ní Iléṣà kí ilẹ̀ tó mọ́, kí àwọn tírélà tó gba ọ̀nà. Àwa tí o mọ̀ náà ni, pẹ̀lú Bọ̀ọ̀dá Mekáníìkì tó gbé páǹpù àti túùbù sẹ́yìn. Ní Ìwàràjà a kọrí sọ́nà Èkìtì. Kùrukùru ti bo gbogbo òkè, a ò rí ju ẹ̀yìn ara wa lọ, àfi ohùn àkùkọ láti abúlé. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, gbogbo wa sáré bá òkè bí a ṣe máa ń ṣe. Òun kò sáré. Ó ti jíà sí èyí tó fúyẹ́ jù lọ, ó jókòó pa sórí sàdúlù, ó ń yí ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ó ń fi imú mí. A fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kí kálukú bó ṣe ń kọjá. Níbi tí ọ̀nà bá yí sí apá ọ̀tún, tí ẹ̀gbẹ́ tiwa bá pọ́n ju ti àwọn tó ń bọ̀ lọ, ibẹ̀ nìkan ló ti ń dìde lórí pẹ́dà, tó bá sì yí i tán, á tún jókòó.

Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní Kigali ní Rwanda ni. Ìwọ náà wò ó ní oṣù kẹsàn-án, ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé tí wọ́n gbé wá sí ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Mekáníìkì la ti wò ó, gbogbo wa rọ̀gbà yí fóònù kan ká. Àwa ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ Pogačar tó gba ti àwọn ọkùnrin, àti kìlómítà 267.5 tó fi gbogbo òkè ìlú yẹn gbayì. Àbúrò rẹ kò dá sí i. Ti àwọn obìnrin ló wò títí dátà fi tán, Magdeleine Vallieres ọmọ Kánádà tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí lára, tó já gbogbo àwọn olórúkọ ńlá sílẹ̀. Ó ní òun wo bó ṣe jókòó lórí sàdúlù ni. Mo tún ka lẹ́tà rẹ fún un, èyí tí o fi sọ nípa Jenkin Road, òkè àdúgbò yín tí àwọn eléré kẹ̀kẹ́ Tour de France gùn ní 2014. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ó le ju ti Ẹ̀fọ̀n lọ. Dáhùn, àmọ́ má purọ́ nítorí ìlú rẹ.

Nǹkan tó kù ni kò dára.

Ìròyìn ti ṣáájú wa dé Ẹ̀fọ̀n. Ọlọ́kadà kan tó kọjá wa lójú òkè ló lọ sọ fún Màmá lọ́jà pé òun rí ọmọ yín lórí kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín àwọn ọkùnrin, ó ń bá tírélà dupò. Tírélà wo? Ọ̀kan ṣoṣo tó kọjá, a ti yà fún un tipẹ́. Nígbà tí a fi máa dé iwájú ààfin, níbi tí àwa méjèèjì ti máa ń jókòó wo àwọn òpó tí Agbọ́nbíòfẹ́ gbẹ́, Màmá ti dúró síbẹ̀. Wọn ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n kó wa lọ sílé, wọ́n fún wa ní iyán àti ẹ̀fọ́. Bí a ṣe jẹun tán, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ wọ yàrá tiwọn, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró. Wọ́n ní, "Ọlọ́run tó dá katakata tí Wòlíì Babalọlá fi ń ṣe ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ dúró ní 1928, Òun náà ló dá kẹ̀kẹ́ yìí dúró lónìí." Wọ́n ní àwọn máa tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.

O mọ̀ pé ẹnu mi kò gba èsì níwájú Màmá. "Ẹ ṣeun mà" ni mo sọ. Ṣùgbọ́n mo ti ń rò ó látìgbà náà. Ọlọ́run dá Bàbá Babalọlá dúró lóòótọ́, ìrìn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sì rán an lẹ́yìn náà. Tó bá jẹ́ ìjókòó ló ní kó máa jókòó, kí ni ì bá gbé e dé Ẹ̀fọ̀n, níbi tí wọ́n sin ín sí ní 1959, tí Màmá fúnra wọn ń lọ gbàdúrà?

Àbúrò rẹ kò sunkún títí ó fi wọ táksì padà sí Iléṣà. Èmi ni mo gbé àṣíborí rẹ̀ fún un láti ojú fèrèsé.

N kò bínú sí Màmá. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n ń bà mí náà. Láti oṣù kìíní 2024 tí wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, kò sí abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ jáde tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà mìíràn tí igbó bá pa rọ́rọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èmi náà máa ń ka iye wa. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi dá lọ mọ́, tí a fi ń sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn kí a tó jáde, tí a sì máa ń wà nílé kí oòrùn tó kàntàrí. Ọ̀nà tí kò séwu rárá, n kò rí i fún ẹnikẹ́ni nílùú yìí, yálà ó wọ mọ́tò tàbí ó fẹsẹ̀ rìn.

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Mekáníìkì bí ìbejì, wọ́n ti padà ṣe títì iwájú ilé wa, ìyá onímọ́ínmọ́ín Ìtawúre sì ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló ń tà níbẹ̀ báyìí. Mo ra méjì, n kò lè jẹ èkejì tán.

Àwa tó kù gba Òkè-Ìmẹ̀sí lọ, torí pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣètò rẹ̀, àbúrò rẹ ló sì tọrọ ọ̀nà náà. Ó fẹ́ rí ìlú Fábùnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí gbogbo Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi dìde. Láti ibẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. Mo ti kà nípa ogun Kírìjì yẹn nílé ìwé, àfi ìgbà tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi gùn ún kó tó yé mi. Ìbàdàn wà ní Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀, ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, wà ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Ògèdèńgbé ń darí wọn, òkè sì wà láàárín. Ẹni tó bá fẹ́ gbéjà ko ẹnì kejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kó tún gòkè sínú ìbọn. Ta ni yóò ṣẹ́gun níbẹ̀? Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, kú sí ibùdó ogun ní 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí wọ́n tó tú ká pátápátá. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ẹ̀ṣà-Òkè, tí mo ń tẹ búréèkì díẹ̀díẹ̀ kó má bàa gbóná, gbogbo ibi tó dára ni mo ń fi ọwọ́ hàn án, mo sì ń gbàgbé pé kò sí lẹ́yìn mi.

Nítorí náà, ọ̀rẹ́ mi, jọ̀wọ́, pe Màmá. Àwọn èèyàn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ ti gbà láti wò ó tó bá di oṣù kìíní, kò sì lè fi kẹ̀kẹ́ ẹlòmíì lọ. Ìwọ nìkan ni Màmá máa ń gbọ́ tiẹ̀. Má pè wọ́n lọ́jọ́ ọjà. Pè wọ́n ní alẹ́ Sátidé, tí wọ́n bá ti ìpàdé dé. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí o sì fara balẹ̀ gbọ́ ẹ̀rù wọn tán, torí pé kò tíì sí ẹni tó gbọ́ ọ tán. Sọ fún wọn pé èmi ni mo dúró fún un.

Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wálé ní Kérésì. A ó gun kẹ̀kẹ́ dé Ìdànrè, a ó fi wọ́n sílẹ̀ lódò, ká fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 yẹn dé ààfin àtijọ́ tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ lókè. Àbúrò rẹ kò tíì débẹ̀ rí. Bá a gbé fúrìwíìlì tó ní eyín 34 bọ̀, èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jẹ, àti bàtà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di 39, kì í ṣe 38 mọ́.

Èmi ni,
Ìjẹ̀ṣà rẹ.