Omi Ọ̀ṣun: Ẹ Kọ Ìkìlọ̀ Náà sí Etí Odò ní Yorùbá

Ọ̀gá Olóòtú,

Bí oṣù kẹjọ tí à ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun bá ti dé, kẹ́ẹ̀gì ni yóò gba ojú títì Òṣogbo. Àlejò tó wá láti Èkó tàbí Brazil, fọ́tò Arugbá àti ère tí Àdùnní Olórìṣà (Susanne Wenger) ṣe ló bá wá. Ó lè fọwọ́ bu omi lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ara ìlú àti olùfọkànsìn ni omi náà ń bá délé. Wọ́n á fi wẹ ọmọ, wọ́n á máa mu ún díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé kí á má mu omi odò náà, àwọn ló kàn jù.

Igbó Ọ̀ṣun tó jẹ́ hẹ́kítà 75 ni UNESCO kọ sínú àkójọ ogún àgbáyé ní 2005. Òfin dáàbò bo igi, ère àti ẹja inú rẹ̀, ṣùgbọ́n omi kì í gba géètì wọlé. Lókè odò, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, awawúrà ń fọ erùpẹ̀ sódò, àwọn mìíràn sì ń fi mẹ́kúrì kó wúrà jọ. Ibẹ̀ ni omi ti pọ́n wá, ibẹ̀ náà sì ni mẹ́kúrì àti òjé (lead) ti ń bá a wá.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé álọ́ọ̀mù àti sísè ló máa yanjú rẹ̀. Álọ́ọ̀mù ń mú ẹrẹ̀ silẹ̀, omi á sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n òjé tó ti yọ́ mọ́ omi kì í bá ẹrẹ̀ lọ tán. Sísè ń pa kòkòrò. Bí omi bá sì ṣe ń gbẹ nínú ìkòkò ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i. Ẹni tó ń wá ọmọ ló sì ń mu omi náà jù, bẹ́ẹ̀ mẹ́kúrì àti òjé ń gba ara ìyá dé ọpọlọ ọmọ inú. (Èèwọ̀ ẹja pípa nínú igbó náà ti ń gbà wá láìmọ̀, torí mẹ́kúrì ń kóra jọ sára ẹja.)

Kí ìjọba bu omi yẹ̀ wò níbi tó ti wọ igbó àti níwájú ojúbọ, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà tí odò bá kún, torí ìkún omi ló ń ru ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè. Kí èsì rẹ̀ jáde ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun. Kí wọ́n gbé táǹkì omi mímu sẹ́nu géètì. Kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà gàdàgbà ní Yorùbá síbi tí wọ́n ti ń pọnmi, kí Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò sì fẹnu ara wọn sọ ọ́, torí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì wá kò ní gbọ́ ti rédíò.

Òǹkàwé yín,
Òṣogbo