Iye tí o máa dá lé ilé ọ̀nà Ẹdẹ

Àkànní ọkọ mi,

Mo ti lọ wo ilé tí o ní kí n bá ọ wò. Fúláàtì mẹ́rin ni lóòótọ́, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Mílíọ̀nù 35 ni ẹ̀jẹ́ńtì ń pè é, ó ní kó o yára, pé ẹlòmíì ti ń bọ̀. Ẹlòmíì kì í tán lẹ́nu àwọn ẹ̀jẹ́ńtì.

Ó sọ fún ọ pé 500,000 ni fúláàtì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Akẹ́kọ̀ọ́ kan nísàlẹ̀ fi risíìtì hàn mí: 400,000 ló san. Fúláàtì òkè kan ṣófo, páànù ń jò, síílì ti wú, ó tẹ̀ kọrọdọ lórí yàrá.

Wò ó, 400,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ mílíọ̀nù kan àti 600,000. Yọ fúláàtì kan tó lè ṣófo, yọ 200,000 fún àtúnṣe àti ẹ̀jẹ́ńtì, ó ku mílíọ̀nù kan. Tó o bá san 35, ọdún 35 ni wàá fi máa retí owó rẹ! Má sọ fún mi pé owó ilé ń gòkè. Ṣé sìmẹ́ǹtì ń sọ̀ kalẹ̀ ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló kún ibẹ̀. Rántí 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá tì, ta ni yóò sanwó ilé? Báńkì kì í bá wọn daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí náà má yáwó sí i.

Bẹ̀rẹ̀ ní mílíọ̀nù 15. Onílé á bínú, á ní o fẹ́ gba ilé òun lọ́fẹ̀ẹ́. Jẹ́ kó bínú. Ilẹ̀ ibẹ̀ dára, torí náà o lè rọra gun un dé 20, ṣùgbọ́n kí owó páànù wà nínú 20 yẹn. Tó bá kọ̀, kí ẹlòmíì tó ń bọ̀ yẹn máa rà á.

Lọ́yà tìrẹ ni kó yẹ ìwé wò o, kì í ṣe ti onílé. Kó wo sọ́fè, ìwé tí wọ́n fi wọn ilẹ̀, kó sì bi mọ̀lẹ́bí tó ni ilẹ̀ bóyá gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ 1978, àṣẹ gómìnà wà nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kà á mọ́ iye tó o fẹ́ ná.

Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀, á gun òrùlé lọ́jọ́ Sátidé. Má pe ẹ̀jẹ́ńtì kí n tó pè ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, Ilé-Ifẹ̀.