Ẹ wá àyè fún adẹ́mu náà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, ojú ewé ìkéde òkú ni mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣí, ọ̀rọ̀ ojú ewé yẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún ka The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta wa níbí, kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1952, táwa tá a mọ eré orí ìtàgé tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ìwé náà ṣe máa ń pè ní Ọ̀mùtí. Tí wọ́n bá ti dárúkọ ìwé yẹn, iwin àti agbárí tó háyà ẹ̀yà ara ló máa ń wá síni lọ́kàn, bó ṣe rí fún èmi náà nìyẹn nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, adẹ́mu tó ń dẹ́mu fún Ọ̀mùtí inú ìwé náà ni mi ò lè gbàgbé.

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin yìí ń dá agbè ẹmu 150 láàárọ̀, á tún dá 75 sí i lálẹ́, ọdún 15 ló fi ṣe é, àwọn èrò ń wá, wọ́n ń mu, wọ́n ń lọ, kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ẹ̀yìn ò dùn ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ Sunday kan ló já láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Nígbà tí ọ̀gá ẹ̀ débẹ̀ tó bá òkú ẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pẹ mìíràn ló kọ́kọ́ gùn, ó dẹ́mu, ó mu ún yó, kó tó wá bá wọn gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Mo pa ìwé yẹn dé nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ náà tán, ìgbà yẹn ni Ọ̀mùtí ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ẹni tó gbé ilé ẹ̀ dúró, ló bá mú ọ̀nà pọ̀n, ó ń wá a lọ sí ìlú àwọn òkú, torí àwọn àgbà ní òkú kì í lọ sọ́run tààrà, bí àwọn tiwa náà ṣe máa ń sọ nípa àkúdàáyà.

Ó rí i o. Ṣùgbọ́n adẹ́mu ní òun ò lè bá a padà, òkú ò lè bá alààyè gbé, àti pé ọdún 2 lòun fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ òkú kóun tó gboyè. Ẹ ò rí i pé ó tún kọ́ṣẹ́ lọ́hùn-ún!

Tutuola fúnra ẹ̀, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́, mẹ́sẹ́ńjà ló sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó nígbà tí ìwé yẹn jáde. Ó mọ ohun tó ń sọ.

Olóòtú, àwọn tó wà lójú ewé òkú yín, olóyè ni, ọlọ́lá ni, fọ́tò wọn á gba ojú ewé kan odindi, mi ò bínú sí wọn, owó wọn ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ yọ ìdajì ojú ewé lọ́sẹ̀ kan, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ìyá alákàrà tó kú, fọkanáísà, agbẹ̀bí, alágbàfọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn tó jẹ lọ́wọ́ wọn sọ ohun tí wọ́n ṣe.

Màá kọ àkọ́kọ́. Bàbá kan ń dẹ́mu ládùúgbò wa nígbà tí mo kéré, igbà á wà léjìká, agbè á wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, kò sí ìkómọ tá a ṣe tí ẹmu ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀mùtí mọ orúkọ adẹ́mu tiẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í nílùú òkú ó ní Baity ló ń jẹ́ kó tó kú. Èmi ò mọ̀. Mo bi ìyá mi, wọ́n ní Bàbá Ẹlẹ́mu làwọn mọ̀ ọ́n sí. Sátidé tó ń bọ̀ yìí màá lọ sí agboolé wọn lọ bèèrè, tí mo bá ti gbọ́ orúkọ wọn, màá fi ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni òǹkàwé yín, láti Abẹ́òkúta.