Owó dísù ìjọ wa yìí ti sú mi, ẹ bá mi gbé e jáde

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú tó ń bí mi ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, mi ò sì fẹ́ kó rọlẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Wẹ́sìdeè tó kọjá, mo yà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Ògbómọ̀ṣọ́ láti mú ìwé kan tí mo gbàgbé síbẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, òòrùn ṣì wà lókè dáadáa. Jẹnẹ́rétọ̀ ńlá ń ké kíkankíkan, mo rò pé ìpàdé ńlá ló wà. Mo wọlé, àwọn akọrin mọ́kànlá ni mo bá tí wọ́n ń kọ́ orin, kíbọ́ọ̀dù kan, máìkì méjì. Gbogbo gílóòbù ló ń tàn títí kan ti ìta, mo dúró kà wọ́n, 44 ni. Fáànù ń yí lórí bẹ́ǹṣì tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. Mo wá gba ẹ̀yìn kọjá, éésì ọ́fíìsì ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n tì pa, omi tó ń kán lára rẹ̀ ti sọ ilẹ̀ abẹ́ fèrèsé di ẹrẹ̀. Mo bi arákùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé kí ló dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé Ọlọ́run nìyí o, a kì í ṣahun nílé Ọlọ́run."

Ó dáa. Nígbà tó di Sọ́ńdè, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kejì jáde, wọ́n ní owó dísù tí jẹnẹ́rétọ̀ ń mu. Màmá kan tó ń ta láfún lọ́jà jókòó síwájú mi, wọ́n á ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tú etí ìró wọn, kókó yẹn le, eyín ni wọ́n fi fà á, wọ́n yọ igba náírà kan tó ti gbó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó lè nà, wọ́n wá fi sínú apẹ̀rẹ̀. Olóòtú, owó yẹn ló ń lọ tu yàrá òfìfo lára!

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mò ń bú ṣọ́ọ̀ṣì. Mọ́ṣáláṣí náà ò yàtọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ Mùsùlùmí ní ẹ̀rọ omi àlùwàlá tiwọn máa ń dà gbàrà láìsẹ́ni tó ń tì í, ẹ̀rọ tó ń fa omi ò ní sinmi, bẹ́ẹ̀ Ànábì kìlọ̀ pé kéèyàn má fi omi ṣòfò kódà tó bá wà létí odò tó ń ṣàn. Àwa náà ńkọ́? Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn tán, ó ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ kí nǹkan kan má ṣòfò. Ta ló wá kọ́ wa pé ìnákúnàá ni wọ́n fi ń yin Ọlọ́run?

Èéfín náà wà níbẹ̀. Lítà dísù kan ò tó kílò kan tẹ́ ẹ bá gbé e lé òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n tó bá jó tán, gáàsì tó ń mú ayé gbóná tó ń tú jáde lé ní kílò méjì ààbọ̀, torí kábọ́ọ̀nù inú epo á lọ so mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, á wá wúwo sí i. Mo mọ̀ pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ló tú èyí tó pọ̀ jù dà sáyé, àmọ́ èéfín tiwa àwa la ń fà á símú, àwọn ọmọ Sunday school wa ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé jẹnẹ́rétọ̀ yẹn.

Àwọn aláṣẹ wa náà ò gbọ́dọ̀ mú un jẹ. 2023 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, oṣù kẹrin 2024 wọ́n gbé iná Bándì A, ìyẹn ti àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan, wọ́n ní ká fara dà á. Ní 2021 wọ́n lọ ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow pé tó bá fi máa di 2060 Nàìjíríà ò ní máa dá kún èéfín ayé mọ́. 2060 kẹ̀! Iná alẹ́ òní ńkọ́? Wọ́n ò múná wá, bílì ni wọ́n ń mú wá, ẹni tó bá sì lọ bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní kó padà wá lọ́la.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọ ṣe rèé. Ìsìn Sọ́ńdè wa, láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ni. Jímọ̀ náà, ọ̀sán gangan ni. Ìgbà tí òòrùn ń mú jù lọ nìyẹn! Sọ́là tá a bá máa lò lọ́sàn-án ò nílò bátìrì rẹpẹtẹ, bátìrì yẹn ló sì ń gbówó lórí. Ká kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù: 44 tí mo kà yẹn, oní-60 wáàtì ni wọ́n, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,640 wáàtì, tá a bá fi LED, gílóòbù tí kì í jẹ iná púpọ̀, oní-9 wáàtì rọ́pò wọn ó di 396 péré. Lẹ́yìn náà kí oníná ya wáyà máìkì, kíbọ́ọ̀dù, gílóòbù díẹ̀ àti fáànù iwájú sọ́tọ̀ sí bọ́ọ̀dù tiwọn, kí sọ́là gbé ìyẹn nìkan, kí éésì má fara kàn án rárá torí éésì háásì kan ààbọ̀ (1.5 HP) kan ń jẹ iná tó lè yí bíi fáànù àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, akọrin mọ́kànlá á kọ́ orin wọn láìtan jẹnẹ́rétọ̀ ńlá, torí ẹ̀rọ ńlá yẹn ń mu dísù kódà tí wọn ò bá so nǹkan kan mọ́ ọn. Fátíkà gan-an, ibùjókòó Póòpù, ti gbé páánẹ́ẹ̀lì sọ́là tó lé ní 2,000 lé òrùlé gbọ̀ngàn Paul VI láti 2008. Owó rẹ̀? Apẹ̀rẹ̀ kejì yẹn náà ni, kí wọ́n pè é ní owó sọ́là fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa ka iye tí dísù ń gbà sójú gbogbo wa.

Nínú ilé, ẹ fi ọmọrí bo ìkòkò, ẹ rẹ ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó gbé e kaná, ẹ lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ má sì gbé jẹnẹ́rétọ̀ kékeré sí kọ́rídọ̀ sùn o, gáàsì olóró tí kò lóòórùn tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pa odidi ìdílé.

Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ìgbìmọ̀ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ lẹ́tà yìí jáde kó tó dọjọ́ náà, mo fẹ́ mú ìwé ìròyìn yín dání wọlé. Mo ti bẹ màmá aláfún pé kí wọ́n bá mi lọ, wọ́n ní àwọn á wá.

Èmi ni,
Ọmọ ìjọ kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.