Sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Tó Rò Pé Ọjọ́ Ti Lọ

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín o. Ọ̀kan nínú yín wá bá mi lálẹ́ Sátidé tó kọjá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó gbé fóònù lé itan, ó sì bú sẹ́kún. Eré kéékèèké tó fi ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti sú u. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti ra mọ́tò, òun ṣì ń yá owó dátà. Ó ní ọdún méjì tí òun fi ṣe kọ̀ńdọ́ ló dá òun dúró. "Màmá, mo ti pé ọmọ ọdún 26. Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi." Mi ò bá a wí. Mo ní kó jẹun kó máa lọ sílé, pé màá kọ̀wé sí i. Ìwé náà rèé, gbogbo yín ni mo sì kọ ọ́ sí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń sunkún.

Èdè Faransé ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Mo máa ń fi sinimá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí àwọn ará ìgboro ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀, torí kò sí èyí nínú ìwé. Ibẹ̀ ni mo ti mọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Firmine Richard.

Ọdún 1947 ni wọ́n bí i ní Pointe-à-Pitre, ní Guadeloupe, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé nínú òkun Karíbíà, níbi tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn ti jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Ẹ gbọ́ o: ó pé ọmọ ogún ọdún, kò tíì sí nínú fíìmù kankan. Ó pé ọgbọ̀n, kò sí. Ó ti lé ní ogójì kí fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ tó jáde ní 1989. Coline Serreau, obìnrin tó ń darí eré, ló ń wá ẹni tó máa kó ipa Juliette nínú *Romuald et Juliette*. Inú ilé oúnjẹ kan ní Paris ni wọ́n ti rí Firmine. Iṣẹ́ ló wá a dé ibi tó jókòó sí.

Agbálẹ̀ ni Juliette. Òru ló ń tún ọ́fíìsì ṣe nílé iṣẹ́ tó ń ṣe yógọ́ọ̀tì. Ọmọ márùn-ún ló ń dá tọ́ nínú ilé tí kò fẹ̀. Romuald tó jẹ́ ọ̀gá pátápátá, Daniel Auteuil ló ṣe é, kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn ò kà sí ló máa ń gbọ́ àṣírí. Agbálẹ̀ yìí ló gbọ́ pé wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá, ó sì lọ ta á lólobó. Nígbà tí nǹkan wá dàrú mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́, ilé kékeré yẹn ló sá wọ̀, láàrin àwọn ọmọ márààrún.

Ẹ̀rín pọ̀ nínú fíìmù náà, àmọ́ Firmine kò fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti rí i gbà. Kò la ojú kalẹ̀, kò ṣe ẹnu wọ́gọwọ̀gọ. Ó kàn dúró bí abiyamọ tó ṣiṣẹ́ mọ́júmọ́, tí àlejò wá ń da ìbéèrè tí kò nítumọ̀ bò. Ọ̀gá tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sùn nínú ilé tí ọmọ kún ni à ń rẹ́rìn-ín sí. Ìdúró yẹn, ẹni ogún ọdún kò lè ní in. Ilé ayé ló ti kó o jọ.

Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ńdọ́ yẹn fi dùn mí. Ọmọ mi, ní ọdún méjì tí o fi rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣé o wo màmá àgbà tó ń tú etí ìró láti yọ owó ọkọ̀, tó ń ṣépè bó ṣe ń tú u, tó sì tún dì í padà kó tó rántí pé òun ò tíì san án? O wò ó, mo mọ̀. Kí ló dé tí kò sí nínú eré rẹ? Nínú èyí tí o fi hàn mí, ò ń ṣe bíi ti àwọn tó ti ra mọ́tò ni.

Ní 2002, Firmine tún wà nínú *8 femmes*, fíìmù François Ozon: obìnrin mẹ́jọ nínú ilé kan, òkú ọkùnrin kan lókè, ta ló pa á? Àwọn tó bá a ṣe é kì í ṣe kékeré: Catherine Deneuve, Isabelle Huppert, Fanny Ardant, Danielle Darrieux. Ipa alásè ni wọ́n fún un, ìyẹn ni pé òṣìṣẹ́ inú ilé lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí eré ṣe ń lọ, ẹnì kan yìnbọn sí i. Ọta kò bà á, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ibẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ fojú inú wò ó. Àwọn ìlú mọ̀ọ́ká yí ọ ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọrin, wọ́n sì ní kí ìwọ dákẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ni ì bá bínú sí ẹni tó kọ eré. Firmine gbé gbogbo rẹ̀ sójú. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí àjọ̀dún fíìmù Berlin fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ Béárì Fàdákà dá wọn lọ́lá lọ́dún náà, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni wọ́n jọ fún, alásè náà wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n dìbò fún un sí ìgbìmọ̀ àdúgbò kọkàndínlógún ní Paris ní 2008. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe ìyá àgbà nínú *La Première étoile*, níbi tí ìdílé aláwọ̀ dúdú kan ti lọ ṣeré lórí yìnyín òkè. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn.

Mi ò ní tàn yín. Agbálẹ̀, alásè: ṣé ẹ rí i pé ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń ṣí fún un? Ó dùn mí, ó sì yẹ kó dun ẹ̀yin náà. Ní 2018, Aïssa Maïga, òṣèré aláwọ̀ dúdú kan ní Faransé, kó òṣèré obìnrin aláwọ̀ dúdú jọ, gbogbo wọn jẹ́ 16, Firmine wà lára wọn. Wọ́n kọ ìwé kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé jíjẹ́ dúdú kì í ṣe iṣẹ́ mi, wọ́n sì jọ gun àtẹ̀gùn àjọ̀dún fíìmù Cannes lóṣù Karùn-ún. Ìyá ẹni 70 ọdún ni Firmine nígbà náà. Karidja Touré wà nínú wọn, ọmọ tí wọ́n bí ní 1994, tí wọn ò tíì bí nígbà tí Juliette ń gbálẹ̀. Bí wọ́n bá há yín mọ́ ipa kan ṣoṣo, ẹ ṣe é dójú àmì, kí ẹ sì jọ pariwo pé ó tó gẹ́ẹ́. Ẹnì kan kì í dá irú ariwo bẹ́ẹ̀ pa.

Ìwọ tó wá ní Sátidé, tún padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Màá se ẹ̀wà. A ó jọ wo ibi tí ohùn ti kúrò lẹ́nu alásè yẹn, a ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà, kí o dìde sí àárín pálọ̀ mi, kí o ṣe màmá elétí ìró yẹn fún mi. Má sọ̀rọ̀ o.

Èmi ni,
Màmá yín, tíṣà Faransé àtijọ́.