Ipò kẹrin tí Loena Hendrickx ṣe kì í ṣe ìtìjú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé àpilẹ̀kọ kan jáde nípa àwọn eléré ìdárayá tí òkèlè ti dé ẹnu wọn tó tún bọ́ sílẹ̀. Orúkọ Loena Hendrickx, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ń jó lórí yìnyín, wà láàárín wọn, ó sì dùn mí. Antwerp ni mo ń gbé. Láti ìgbà Òlíńpíìkì 2018 ni mo ti ń fọkàn bá ọmọbìnrin yìí lọ.

Òótọ́ ni pé ní Montreal, ní oṣù kẹta ọdún 2024, òun ló ṣáájú gbogbo wọn lẹ́yìn ijó kúkúrú, apá kìíní nínú ìdíje àgbáyé. Òótọ́ sì ni pé nígbà tó kan ijó gígùn, apá kejì, àwọn ìfò rẹ̀ já a kulẹ̀. Kaori Sakamoto ará Japan, tó wà ní ipò kẹrin tẹ́lẹ̀, gba góòlù, Loena sì bọ́ sí ipò kẹrin. Ẹ sọ gbogbo èyí. Ohun tí ẹ ò sọ ni ohun tí ipò kẹrin náà rà fún Bẹ́ljíọ̀mù.

Orílẹ̀-èdè kan ò lè kàn kó iye èèyàn tó wù ú wá síbi ìdíje yìí. Ipò tí àwọn tiẹ̀ bá ṣe lọ́dún yìí ló ń sọ iye tó máa mú wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mú èèyàn méjì wá, wọ́n á ro ipò méjèèjì pọ̀. Bí àròpọ̀ náà ò bá ti ju 13 lọ, àyè mẹ́ta ni wọ́n máa fún un, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń fún ju mẹ́ta lọ. Ní Montreal, Nina Pinzarrone, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù kejì, ṣe ipò karùn-ún. Mẹ́rin àti márùn-ún, mẹ́sàn-án. Bí orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ ò tó mílíọ̀nù 12 ṣe gba àyè mẹ́ta nìyẹn, iye kan náà pẹ̀lú Amẹ́ríkà àti Japan. Ká ní Loena jẹ́ kí ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì láàárín ijó yẹn tó fi já sí ipò kẹwàá, Nina ìbá gòkè sí ìkẹrin, àròpọ̀ ìbá sì di 14. Àyè kẹta lọ nìyẹn.

Kó tó di 2022, kò sí obìnrin Bẹ́ljíọ̀mù tó ń dá jó tó gba àmì ẹ̀yẹ rí nínú ìdíje àgbáyé. Loena gba fàdákà ní Montpellier lọ́dún náà, ó gba idẹ ní Saitama ní 2023, ó sì gba góòlù Yúróòpù ní Kaunas ní oṣù kìíní 2024.

Ẹ ò tún mẹ́nu kan Jorik, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Òun náà jó lórí yìnyín. Ní oṣù kẹsàn-án 2017, ó lọ sí Oberstdorf ní Jámánì, ó gba ipò kìíní nínú ìdíje Nebelhorn, ibẹ̀ ló sì ti rí àyè Òlíńpíìkì fún Bẹ́ljíọ̀mù. Òun àti àbúrò rẹ̀ jọ lọ sí Pyeongchang: ẹ̀gbọ́n ṣe ipò 14, àbúrò ṣe ipò 16. Nígbà tí Jorik fi ìdíje sílẹ̀, ó di olùkọ́ àbúrò rẹ̀. Tí Loena bá jó tán, tí wọ́n ń retí máàkì àwọn adájọ́, ẹ wo ẹni tó jókòó tì í. Èmi ò lè wo ìyẹn kí ojú mi gbẹ.

Ní 2025, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Loena ní ọrùn ẹsẹ̀, kò sì lè lọ sí ìdíje àgbáyé ọdún náà. Òun fúnra rẹ̀ ò jẹ nínú àyè tó bá wọn jà gbà.

Mo bẹ̀ yín, tí ẹ bá tún ń tẹ èsì eré orí yìnyín, ẹ má gé e sí ipò kẹta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìkẹwàá. Tí ẹ bá sì tún máa kọ nípa Montreal, ẹ kọ orúkọ Nina Pinzarrone sí i.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Antwerp